Apá Ọ̀tún Súwẹ́tà

Inú ife tíì ni Phebe Béjidé ti máa ń mu wáìnì. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì paraku ni. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ru búlọ́ọ̀kù ilé ìsìn tó wà ní àdúgbò wọn ní Iléṣà, ìjọ náà kò sì fẹ́ kí ọtí kan ọ̀fun ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kún ṣíbí kan. Nítorí náà, bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Phebe á gbé ife tíì olómorí jáde, wọ́n á bu wáìnì pupa sí i, á dé e, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó gbóná. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, alàgbà kankan ò gbọ́. Phebe a máa fi yangàn pé ẹgbẹ́ àwọn mọ ẹnu pa mọ́. Obìnrin náà ò mọ ohun tó ń yìn.

Súwẹ́tà híhun ló kó wọn jọ. Phebe ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún 1988. Adétutù ń ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ òun ló máa ń na ife fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àdíját jẹ́ ọmọ Òṣogbo tí ọkọ gbé wá sí Iléṣà, ó ń ta bọ́tìnnì àti òwú; Mùsùlùmí ni, kì í fẹnu kan wáìnì, mọ́ọ̀tì ni tirẹ̀, síbẹ̀ ariwo rẹ̀ ju ti àwọn tó mutí lọ. Ẹnì kẹrin ni Wúrà. Iléṣà ni ilé bàbá Wúrà, àmọ́ Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wọkọ̀ wá, tòun ti ìgò wáìnì nínú báàgì. Òun àti Phebe ti ń bá ara wọn bọ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Wúrà kò bímọ. Àwọn yòókù a máa pe ara wọn ní Màmá Fúnmi, Màmá Wisdom, Màmá Kifayat. Wúrà nìkan ni wọ́n ń pe ní Wúrà. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń dùn ún.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí ọmọ bá fẹ́ wáyé nínú ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wọn, súwẹ́tà ọmọ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Adétutù á hun ẹ̀yìn, Àdíját á hun iwájú méjèèjì, Wúrà á hun apá òsì, Phebe á hun apá ọ̀tún. Nígbà tó bá yá, wọ́n á rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní pálọ̀ Phebe, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á sì ṣí ìgò. Ká sọ tòótọ́, súwẹ́tà wọn kì í gún. Ọwọ́ Adétutù le, ẹ̀yìn tó bá hun máa ń gan bíi páálí. Ọwọ́ Wúrà dẹ̀, apá òsì a máa fi ìka kan gùn ju apá ọ̀tún lọ. Ti Phebe ló rọrùn jù láti mọ̀, nítorí pé ní etí apá tó bá hun, ihò wínníwínní a máa tò yíká ní méjì méjì. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tan-Ilé, tó fi fìlà ọmọ híhun jẹun, ló kọ́ ọ. Ojú ẹyẹlé ni ìyá náà ń pè é. Phebe ti gbìyànjú láti kọ́ àwọn yòókù, ó sú wọn. Wúrà tilẹ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ojú òun kò tó ojú ẹyẹlé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, Fúnmilọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Phebe bí, dé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́ta. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ti sá lọ sí Èkó. Phebe ro ti ìjọ, ó ro ti owó ilé ìwé tó fi omijé san, ó ro ti ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, inú sì bí i débi pé èdè Ìjẹ̀ṣà ìyá rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní, "Jáde ní ulé mi." Ọmọ náà jáde. Phebe rò pé yóò padà kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Kò padà. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta fi máa pé, inú tó ń bí i ti di ẹ̀rù.

Ó wá a dé Ìbàdàn, ó wá a dé Èkó. Ó sanwó kí wọ́n ké orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Wúrà ló kọ́kọ́ bi, nítorí pé ọwọ́ Wúrà ni Fúnmilọ́lá dàgbà sí bí ọwọ́ ìyá kejì. Wúrà fi ọwọ́ lu àyà, ó ní òun ò fojú kàn án, ó sì bá a sunkún. Láti ìgbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni oògùn Phebe. Á mu ife kan, á hun ìlà mẹ́rin, á gbé súwẹ́tà lé itan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún; á ní bí òun bá rí ọmọ náà, òun á dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, ìjọ ì báà lé òun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa wò ó. Adétutù á wo ilẹ̀. Àdíját á ní Ọlọ́run Allah kì í sùn. Wúrà á bu wáìnì sí i, á ní, "Ó máa padà, Phebe."

Nǹkan méjì yí padà lọ́dún náà tí Phebe kò fọkàn sí. Tẹ́lẹ̀, bó bá lọ ra wúùlù ní Òṣogbo, ilé Wúrà ló máa ń sùn. Láti oṣù kọkànlá, Wúrà ní òun ti gba ayálégbé, tọkọtaya kan tí kò fẹ́ àlejò. Èkejì ni ti oṣù kẹta ọdún 1996. Wúrà ní ìyàwó Amos, àbúrò òun tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, fẹ́ bímọ, òtútù ibẹ̀ kì í sì í ṣe eré. Wọ́n pín iṣẹ́. Wúùlù aláwọ̀ pupa ẹyin ni, Phebe ló sì rà á. Ó hun apá ọ̀tún pẹ̀lú ojú ẹyẹlé ìlà méjì, nítorí pé ọkàn rẹ̀ wúwo, ọwọ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ tó le. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Wúrà kò jẹ́ kí wọ́n rán an pọ̀ ní pálọ̀. Ó ní ẹni tó ń lọ sí Jọ́ọ̀sì ń kánjú, òun á rán an fúnra òun. Ó mú wáìnì olówó ńlá wá lọ́jọ́ náà. Ó bi Phebe pé bó bá jẹ́ Phebe ló fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ, kí ni ì bá sọ ọ́ bó bá jẹ́ obìnrin. Phebe ní Ìwàlẹwà ni ìyá òun fẹ́ kí òun sọ Fúnmilọ́lá nígbà náà, òun ò gbọ́. Ó gbé ife tíì sókè, ó gbàdúrà fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, ó sì mu ún tán.

Ní ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, Phebe lọ ra wúùlù ní Alẹ́kúwodò, ní Òṣogbo. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníwúùlù ni ilé fọ́tò wà. Mọ́ṣúdù onífọ́tò máa ń fi àwọn àwòrán tó dára jù hàn nínú gíláàsì, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Phebe kọjá. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn.

Fúnmilọ́lá ló jókòó nínú àwòrán ńlá náà. Ó ti sanra díẹ̀, ó dirun, ó ń rẹ́rìn-ín. Phebe di òpó mú, ó sì ń sọ "Jésù, o ṣeun" léraléra. Ayọ̀ ni, ayọ̀ gidi, ayọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò kú. Ó ti bímọ. Ó wo ọmọ ọwọ́ tó wà lórí itan rẹ̀, ojú ọkọ òun tó ti kú ló wà lórí ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ló wá rí ohun tí ọmọ náà wọ̀.

Súwẹ́tà aláwọ̀ ẹyin. Apá òsì ti gùn kọjá ọrùn ọwọ́, ó bo ìka ọmọ mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì iwájú jẹ́ olójú òdòdó, irú èyí tí Àdíját nìkan ń tà ní gbogbo Iléṣà. Apá ọ̀tún gún déédéé. Ojú ẹyẹlé ìlà méjì ló yí etí rẹ̀ ká.

Phebe wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú gíláàsì onífọ́tò fún ìgbà pípẹ́. Ayọ̀ náà kò lọ, àmọ́ nǹkan mìíràn wọlé jókòó tì í, ó sì tutù. Ó wọlé, ó kí Mọ́ṣúdù, ó ní ọmọ tó wà níta yẹn mà lẹ́wà o. Mọ́ṣúdù yọ̀. Ó ní Ìwàlẹwà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ọmọ oṣù márùn-ún, kò sunkún rárá nígbà tí òun ń yà á.

"Ta ló mú wọn wá?" Phebe bi í.

"Àwọn ìyá mẹ́ta kan ni, mà. Wọ́n ní àwọn ni ìyá àgbà ọmọ náà. Gbogbo wọn ló ń gbà á jó, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tó bí ìyá rẹ̀ gan-an nínú wọn."

Mọ́ṣúdù kò mọ ilé wọn. Wọ́n ti wá gba fọ́tò wọn lọ. Nínú ọkọ̀ Iléṣà, wúùlù lórí itan, Phebe rò ó pé kí òun sọ̀ kalẹ̀ kí òun wá Wúrà lọ sí ọsibítù. Ó tún rò ó pé bí òun bá bi ẹnì kan, ẹni náà á ta àwọn méjì yòókù lólobó, wọ́n á sì tún gbé ọmọ òun pa mọ́ síbòmíràn. Ọ̀la ni ọjọ́ Jímọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bọ̀ wá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Ó sunkún láti Òṣogbo dé Iléṣà, kò sì mọ èyí tó ń sun, ẹkún ayọ̀ ni tàbí ẹkún ìbínú. Ó ka gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó ti sunkún níwájú wọn. Wọ́n ń gbé ọmọ rẹ̀ jó, wọ́n sì ń bọ̀ wá bu wáìnì sí i pé kó gba kámú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n dé bí wọ́n ṣe ń dé. Wúrà gbé ìgò kalẹ̀. Phebe ṣí fèrèsé méjèèjì tó kọjú sí títì, ó sì lọ mú ife gíláàsì wá dípò ife tíì. Ó bu wáìnì sí i títí ó fi kún, ó gbé e sí etí fèrèsé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àdíját bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé alàgbà ti fọwọ́ sí i ni. Phebe jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó hun ìlà kan tán, kó tó sọ̀rọ̀.

"Wúrà, ọmọ Amos ní Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé súwẹ́tà yẹn bá a mu?"

Wúrà kò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Ó bá a mu gan-an. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ẹ ò rí i, kò tiẹ̀ gbọ̀n. Phebe ti fi ọkàn kan retí pé yóò jẹ́wọ́, àní kó kàn kọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu díẹ̀. Irọ́ náà jáde bí ìkíni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ àtikékeré ti kú mọ́ Phebe nínú.

"Mo rí ọmọ náà lánàá," ó wí. "Orí itan Fúnmilọ́lá ló jókòó sí, ní Alẹ́kúwodò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyá àgbà rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró. Adétutù tí kì í sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Wúrà ni ọmọ náà sá lọ lálẹ́ ọjọ́ tó jáde, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Ó ní kì í ṣe pé àwọn fẹ́ fi Phebe ṣẹ̀sín. Fúnmilọ́lá ti búra pé bí ìyá òun bá gbọ́ ibi tí òun wà, òun á lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí òun mọ́. Ẹ̀rù ló ba àwọn.

Phebe bi í bóyá ó gbọ́ ìbúra náà lẹ́nu Fúnmilọ́lá fúnra rẹ̀. Adétutù mirí. Ó wo Àdíját. Wúrà ló sọ fún àwọn, ó wí. Wúrà ló tún ní kí àwọn má dárúkọ ìyá rẹ̀ sí i létí rárá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá a nígbà oyún, nọ́ọ̀sì sì ni Wúrà, àwọn gbà á gbọ́.

Àdíját ti gbé mọ́ọ̀tì rẹ̀ kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ tó máa ń gba ilé kan ti wálẹ̀. "Màmá Fúnmi, ẹ jẹ́ kí n sọ tán kí Ọlọ́run má baà bi mí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ súwẹ́tà náà fún ọmọ, Fúnmi di apá ọ̀tún mú. Ó ń fi ìka ka àwọn ihò yẹn. Ó bèèrè pé ta ló hun èyí. Wúrà ní òun ni, pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun tipẹ́. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ojú mi ló ṣe, mo sì dákẹ́."

Phebe dìde. Ó yọ abẹ́rẹ́ méjèèjì tòun ti òwú kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó kó wọn lé Wúrà lọ́wọ́.

"Ìwọ lo hun ún. Hun ún kí n rí i."

Wúrà gbà á. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi gbà á. Bóyá ojú tì í láti kọ̀. Ó ká òwú mọ́ abẹ́rẹ́, ó yọ ojú kan, ó yọ èkejì, ẹ̀kẹta já bọ́. Ó tún un mú. Ó tún já. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Wúrà gbé abẹ́rẹ́ náà lé itan, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo lé e," ó wí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ mi yìí ni ọmọ rẹ̀ bọ́ sí. Bí mo bá sọ fún ọ, wàá wá kó wọn lọ, èmi á sì tún padà di Wúrà."

"Kí lo sọ fún un nípa mi?"

"Pé o ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́."

Phebe kò lù ú. Òun fúnra rẹ̀ rò pé òun á lù ú. Ó kàn gbé ife gíláàsì náà, ó da wáìnì inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Adétutù fẹ́ kúnlẹ̀, kò jẹ́ kó kúnlẹ̀. Phebe ní Adétutù àti Àdíját purọ́ fún òun nítorí pé wọ́n gbọ́ irọ́. Ó ṣì dùn òun, àmọ́ ó yé òun. Ti Wúrà kò yé òun. Ó ní kí Wúrà fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Òṣogbo sílẹ̀, kó sùn sí ilé bàbá rẹ̀. Wúrà fi í sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò ní Iléṣà láàárọ̀ Sátidé ni Phebe wọ̀. Kò lo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò. Fúnmilọ́lá ló ṣí i, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Phebe ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́ náà kò dára, òun ti kábàámọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, òun sì ti wá a kiri láti ìgbà náà. Ó sọ ibi gbogbo tó wá a dé. Ó sọ ti rédíò. Fúnmilọ́lá ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọdún kan ń tú palẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó mú súwẹ́tà náà jáde.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ hun apá yìí."

"Èmi ni."

"Èmi lẹ hun ún fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" rọrùn láti sọ. Ọmọ náà ń fi gbogbo ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Phebe ti mu irọ́ yó. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ìyàwó Amos ni wọ́n ní kí n hun ún fún. Mi ò mọ̀ pé o ti bímọ."

Fúnmilọ́lá fa súwẹ́tà náà mọ́ àyà. Ó wá kúnlẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà fún ìyá rẹ̀. Phebe gbà á. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ, ó ń rùn bíi pọ́dà. Ó pe orúkọ rẹ̀, Ìwàlẹwà, orúkọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà wò ó, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì fi igbe ta. Ó ń ju ẹsẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá Wúrà ló ń wá," Fúnmilọ́lá wí. Kò fi ibi kankan sọ ọ́. "Òun ló máa ń gbé e láàárọ̀."

Phebe kò gbé e padà. Ó gbé e mọ́ra, ó ń rìn yíká pálọ̀ Wúrà, ó ń sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, kò sì sí ohun tó sọ tí ọmọ náà gbọ́.